Ọgbà Ìgbafẹ́ àti Àwọn Tó Ń Lò Ó: Ìtàn Ọgbà Ìlú láti Èkó dé Bouaké

Ọgbà ìgbafẹ́ ni ilẹ̀ tí a yà sọ́tọ̀ nínú ìlú, tí a gbin igi, koríko àti òdòdó sí, tí a sì la ọ̀nà sí, kí àwọn ènìyàn lè máa jókòó, kí wọ́n máa rìn, kí wọ́n máa ṣeré tàbí kí wọ́n máa ṣe ayẹyẹ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ṣíṣètò irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ tí a ń pè é lónìí jẹ́ tuntun. Nínú ìtàn rẹ̀, ìbéèrè kan ń padà wá láti ìran dé ìran: ta ni a ṣe ọgbà náà fún? Ìjọba amúnisìn fi ilẹ̀ eléwéko ya àwọn ènìyàn nípá sí ara wọn. Lẹ́yìn òmìnira, àwọn ará Èkó sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n di ibi ìgbafẹ́. Ní Bouaké, ní àárín gbùngbùn Côte d'Ivoire, àwọn agbẹ̀fọ́ ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣètò àfonífojì ìlú.

Ọ̀rọ̀ náà "ọgbà"

Ohun tí ọgbà kọ́kọ́ túmọ̀ sí ní èdè Yorùbá ni igi, ẹ̀gún tàbí odi tí a fi yí ilẹ̀ ká. Àgbẹ̀ a máa sọ ọgbà yí ebè rẹ̀ ká kí ewúrẹ́ má baà jẹ ohun ọ̀gbìn. Láti ibẹ̀ ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ti gbòòrò dé orí ilẹ̀ tí ọgbà yí ká. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ọgbà ẹ̀fọ́, ọgbà ilé-ìwé, ọgbà ẹranko àti ọgbà ẹ̀wọ̀n. Bíbélì Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, sì pe ibi tí a fi Ádámù àti Éfà sí ní ọgbà Édẹ́nì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó gbé ìgbádùn àti ìhámọ́ dání. Ohun tí ó yà wọ́n sí ara wọn ni ẹni tí ọgbà náà wà fún, àti ẹni tí ó lè gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé tàbí jáde bí ó ti wù ú.

Àgbàlá, ààfin àti igbó òrìṣà

Ní ìlú Yorùbá àtijọ́, agboolé ni ìpìlẹ̀ ìṣètò ilẹ̀. Wọ́n kọ́ yàrá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí àgbàlá ká. Nínú àgbàlá yìí ni wọ́n ti ń dáná, tí wọ́n ti ń sá àgbàdo, tí wọ́n ti ń pa àlọ́ fún ọmọdé lálẹ́, tí wọ́n sì ti ń parí ẹjọ́ ẹbí. Omi òjò ń ṣàn láti orí òrùlé sínú ìkòkò tí a gbé sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni ewúro, ẹ̀fìnrín àti ewé ìtọ́jú ọmọ wà, ní ibi tí ìyá ilé lè tètè já a láìjìnnà sí iná ọbẹ̀.

Kò sí ẹni tí a ń pè ní aṣètò ọgbà nígbà náà, ṣùgbọ́n ibi tí a gbin igi sí kì í ṣe èèṣì. Igi ọdán, tí ẹ̀ka rẹ̀ nà jáde, tí ewé rẹ̀ sì ṣù, ni wọ́n sábà máa ń gbìn sí ojúde ọba àti sí ojú ọjà, nítorí pé ibẹ̀ ni èrò ti ń péjọ ní ọ̀sán gangan. Pèrègún ni wọ́n fi ń sàmì sí ojúbọ àti sí ààlà ilẹ̀, nítorí pé bí a bá ti gún un mọ́lẹ̀ ni ó ń hù, kì í sì í tètè kú. Wọ́n ń tọ́jú igi akòko sí ìtòsí, nítorí pé ewé rẹ̀ ni a máa ń fi sí orí ẹni tí a bá fi joyè. Igi kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́, ó sì ní àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ fún.

Ààfin ni ó fi ìṣètò yìí hàn jù lọ. G. J. Afọlábí Òjó, nínú ìwé rẹ̀ Yoruba Palaces tí ó jáde ní 1966, ṣàkíyèsí bí ilẹ̀ ààfin ti gbòòrò tó àti bí àgbàlá inú rẹ̀ ti pọ̀ tó. Ààfin Ọ̀wọ̀ gbajúmọ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbàlá rẹ̀, tí kálukú wọn ní ìlò tirẹ̀ tàbí òrìṣà tirẹ̀. Ojúde ààfin, ní tirẹ̀, jẹ́ ti gbogbo ìlú. Ibẹ̀ ni ọjà ọba sábà máa ń wà, ibẹ̀ sì ni ìlú ti ń ṣe ọdún. Ẹni tí kò lè wọ inú àgbàlá ọba ní ẹ̀tọ́ láti jókòó sí abẹ́ igi tí ó wà níwájú rẹ̀.

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo jẹ́ àpẹẹrẹ mìíràn. Igbó náà, tí ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, wà ní etí odò Ọ̀ṣun. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO sì fi í sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria tí ó dé Nàìjíríà ní 1950, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́, mọ ère àti ojúbọ sí àárín àwọn igi náà. Ọ̀nà inú igbó yìí wà nítorí àwọn tí ń rìn ín. Lọ́dọọdún ni Arugbá ń ru igbá láti ààfin lọ sí etí odò, tí ogunlọ́gọ̀ èrò sì ń tẹ̀ lé e.

Ibùdó ewéko Ẹ̀bùté-Mẹ́ta

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861. Ní 1887, lásìkò Gómìnà Alfred Moloney, ìjọba náà dá ibùdó ewéko sílẹ̀ ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ọgbà ewéko Kew ní Lọ́ńdọ̀nù. Moloney fúnra rẹ̀ kọ ìwé kan lórí igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ó jáde ní ọdún kan náà. Iṣẹ́ ibùdó náà ni láti máa hu kòkó, kọfí, rọ́bà àti àwọn ohun ọ̀gbìn mìíràn tí a lè tà sí òkè òkun, kí a sì pín wọn fún àwọn àgbẹ̀. Nígbà tí ó di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, Olókemejì, ní ojú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin sí Ìbàdàn, ti di ibi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń tẹ̀ síwájú.

Ibùdó yìí wúlò fún òwò àti fún ẹ̀kọ́ nípa ewéko. Ṣùgbọ́n wọn kò ṣètò rẹ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ sinmi. Ìjọba tí ó náwó sórí irúgbìn kòkó kò tíì ro ibi tí ọmọ ìlú yóò jókòó sí nígbà tí oòrùn bá mú. Nígbà tí ó sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gbalasa nínú ìlú, ìbẹ̀rù àìsàn ni ó darí èrò rẹ̀.

Ẹ̀fọn, ibà àti ilẹ̀ òfìfo

Ní 1897, Ronald Ross, dókítà kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Íńdíà, rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn, tí a tún ń pè ní yànmùyánmú. Ìmọ̀ tuntun yìí yí ìṣètò ìlú padà ní gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Áfíríkà, ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì tí ó takora ni àwọn aláṣẹ gbà lò ó.

Ọ̀nà kìíní ni ti William MacGregor, tí ó di gómìnà Èkó ní 1899. Dókítà ni òun náà. Ó gbà pé ohun tí ó yẹ ni láti gbógun ti ẹ̀fọn fún ànfààní gbogbo ará ìlú. Ó ní kí wọ́n fi iyanrìn dí àbàtà, kí wọ́n fa omi tí ó dúró kúrò, kí wọ́n sì máa pín kuníní. Ipadò tí wọ́n gbẹ́ sáàárín erékùṣù Èkó àti Ìkòyí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ó kọ̀ láti ya ibùgbé àwọn Òyìnbó sọ́tọ̀ kúrò lára ti àwọn ọmọ ìlú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ àwọn aláṣẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fara mọ́ ọn.

Ọ̀nà kejì ni ó borí lẹ́yìn náà, lábẹ́ Frederick Lugard. Òfin ìlú tí ìjọba rẹ̀ ṣe ní 1917 fìdí ìyàsọ́tọ̀ múlẹ̀. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó yáàdì 440, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí mítà 400, wà láàárín ibùgbé àwọn Òyìnbó àti ti àwọn ọmọ Áfíríkà, kí ẹnikẹ́ni má sì kọ́ ilé sí i. Àlàyé wọn ni pé ẹ̀fọn tí ó bá mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ Áfíríkà kò ní lè fò dé ọ̀dọ̀ Òyìnbó, àti pé iná tí ó bá ràn ní àdúgbò ilé eléwé kò ní lè ràn dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn agbọ́únjẹ àti àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ń sùn nínú ọgbà àwọn ọ̀gá wọn síbẹ̀síbẹ̀, nítorí náà àlàyé náà kò dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Báyìí ni ilẹ̀ eléwéko ṣe di ògiri. Kò ní bíríkì, kò ní ìlẹ̀kùn, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn mọ ibi tí ó bẹ̀rẹ̀. Ìkòyí kún fún ilé tí a kọ́ sí àárín pápá koríko gbígbòòrò, tí igi òdòdó sì yí ká. Ní ìhà kejì, àwọn àdúgbò àtijọ́ ní erékùṣù Èkó há gádígádí. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, ibi híhá wọ̀nyí ni ó bà jẹ́ jù. Ní 1928, ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe, àjọ náà sì la àdúgbò tuntun ní Yábàá. Èrè ọgbà àti afẹ́fẹ́ tútù tí àwọn díẹ̀ ti ń jẹ ní Ìkòyí kò tíì dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Oníkan: adágún ìwẹ̀ Dókítà Randle

Àwọn ọmọ Èkó kò jókòó máa wò. John Randle, tí a bí ní 1855, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kọ́kọ́ gboyè ìṣègùn ní Yunifásítì Edinburgh, ó sì di gbajúmọ̀ dókítà àti òṣèlú ní Èkó. Omi yí Èkó ká, ṣùgbọ́n ìjọba kọ̀ láti ṣe adágún tí àwọn ọmọ ìlú ti lè kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Randle fi owó ara rẹ̀ ṣe é ní Oníkan ní 1928, ọdún tí ó kú. Ohun tí ó ṣe yìí fi hàn bí ìṣètò tí ó bá ìlò mu ṣe ń rí. Ó wo ìlú, ó rí i pé àwọn ọmọ ń bómi lọ, ó sì pèsè ohun tí wọ́n nílò sí ibi tí ẹsẹ̀ wọn lè gbé wọn dé.

Adágún náà àti gbọ̀ngàn tí wọ́n kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bàjẹ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wá kọ́ ibùdó àṣà àti ìtàn Yorùbá tí ó ń jẹ́ orúkọ Randle sí ibẹ̀. Ayàwòrán ilé náà, Ṣeun Oduwọle, mú kí òrùlé rẹ̀ dà bí ẹni pé ó ń yọ láti inú ilẹ̀, wọ́n sì tún ṣe adágún ìwẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n ṣí i ní 2023.

Nítòsí ibẹ̀ ni pápá ìdíje ẹṣin wà, lórí ilẹ̀ tí Ọba Dòsùnmú yọ̀ǹda ní 1859. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀, tí wọ́n sì ta ti Nàìjíríà sókè nígbà òmìnira ní 1960. Ní 1972, ìjọba ológun bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pápá náà di gbàgede Tafawa Balewa. Gbàgede tuntun náà gba èrò púpọ̀ fún ayẹyẹ ìjọba, ṣùgbọ́n kọnkéré rọ́pò koríko, ibi tí ènìyàn lè sá oòrùn sí sì dín kù. Ohun tí ó bá ètò ọjọ́ kan mu láàárín ọdún kì í sábà bá ìlò ojoojúmọ́ mu.

Ìbàdàn: Agodi àti omi tí ó gba ọ̀nà rẹ̀ padà

Ní Ìbàdàn, ìjọba dá ọgbà ẹranko àti ewéko Agodi sílẹ̀ ní 1967, nítòsí ọ́fíìsì ìjọba. Àwọn ọmọ ilé-ìwé láti ìgbèríko ń wá wo ẹranko, àwọn ìdílé sì ń wá jẹun lábẹ́ igi ní ọjọ́ ọdún. Ní August 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó sì ṣe ìparun ńlá ní ìlú, èyí tí àwọn ará Ìbàdàn ń pè ní Omíyalé. Omi náà gbé ọ̀pọ̀ ẹranko inú ọgbà lọ. Láti 2012 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, pẹ̀lú adágún, ibi ìwẹ̀ àti ibi ìṣeré ọmọdé.

Ẹ̀kọ́ Agodi ni pé omi náà wà lára àwọn tí ń lo ilẹ̀. Ilẹ̀ tí odò ń gbà kọjá yẹ fún ọgbà ju ilé lọ, nítorí pé koríko lè fara da omi ọjọ́ méjì, ṣùgbọ́n ibùsùn àti ẹrù ènìyàn kò lè fara dà á. Ọgbà tí a bá ṣètò dáadáa ní irú ibẹ̀ ń fi ibi gíga sílẹ̀ fún ènìyàn àti ẹranko, ó sì ń fi ibi tí ó rẹlẹ̀ sílẹ̀ fún omi.

Ọgbà Òmìnira: láti ọgbà ẹ̀wọ̀n dé ọgbà ìgbafẹ́

Ìtàn tí ó so ìtumọ̀ méjèèjì ọ̀rọ̀ náà "ọgbà" pọ̀ ni ti Ọgbà Òmìnira, tí àwọn ará Èkó mọ̀ sí Freedom Park, ní òpópónà Broad Street. Ní 1882, ìjọba amúnisìn fi amọ̀ kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n sí ibẹ̀, wọ́n sì fi koríko bò ó. Àwọn tí wọ́n kórìíra ìjọba náà ń ju iná sí orí òrùlé rẹ̀. Ní 1885, ìjọba kó bíríkì wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tún un kọ́. Wọ́n há ọ̀daràn mọ́ ibẹ̀, wọ́n sì há àwọn ajìjàgbara àti olóṣèlú mọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú. Herbert Macaulay àti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lára àwọn tí orúkọ wọn so mọ́ ọn. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ọgbà ẹ̀wọ̀n náà pa, tí wọ́n sì wó àwọn ilé inú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, ilẹ̀ náà di ààtàn àti ibi tí àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù láti kọjá.

Ayàwòrán ilé Theo Lawson ni ó gbé èrò kalẹ̀ pé kí a má ṣe pa ìtàn náà rẹ́, kí a sì má ṣe fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún ìbànújẹ́ nìkan. Wọ́n fi ògiri àtijọ́ sílẹ̀ bí ó ti wà. Wọ́n jẹ́ kí ojú ìpìlẹ̀ àwọn yàrá ẹ̀wọ̀n ṣì hàn lórí ilẹ̀, kí àlejò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọn bí wọ́n ti kéré tó. Ibi tí wọ́n ti ń so àwọn tí a dájọ́ ikú fún rọ̀ ni wọ́n kọ́ pèpéle eré sí. Wọ́n ya ibì kan sọ́tọ̀ fún olóúnjẹ, wọ́n ya òmíràn sọ́tọ̀ fún àwòrán àti ère, wọ́n sì fi omi àti igi tu ojú ilẹ̀ lára. Wọ́n ṣí ọgbà náà ní October 2010, nígbà tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún tí ó ti gba òmìnira.

Ohun tí ó mú ọgbà yìí wà láàyè ju ẹwà rẹ̀ lọ. Aṣètò rẹ̀ mọ àwọn tí yóò lò ó. Àwọn òṣìṣẹ́ báńkì àti ọ́fíìsì ní erékùṣù Èkó nílò ibi tí wọ́n ti lè jẹun ọ̀sán, àwọn olórin àti eléré orí ìtàgé nílò pèpéle, àwọn òǹkọ̀wé sì nílò ibi tí wọ́n ti lè pàdé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún ìwé àti iṣẹ́ ọnà Èkó, àti àjọ̀dún eré orí ìtàgé. Ní àárín ìlú tí kò ní ilẹ̀ mọ́, ìlò ojoojúmọ́ yìí ni ó jẹ́ ààbò fún ilẹ̀ náà.

Òdòdó lábẹ́ afárá

Láti 2007, lásìkò Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í gbin koríko àti òdòdó sí abẹ́ afárá, sí oríta àti sí àárín títì. Láti 2008, ọjọ́ 14 oṣù July ni ọjọ́ igi gbígbìn ní ìpínlẹ̀ náà. Ní 2011, wọ́n ṣe òfin tí ó dá àjọ tí ń bójú tó ọgbà ìgbafẹ́ sílẹ̀. Ojú ìlú yí padà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì yọ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ abẹ́ afárá kò ṣófo tẹ́lẹ̀. Ní Òṣòdì, nígbà tí ìjọba lé àwọn ọlọ́jà kúrò ní ojú ọ̀nà ní January 2009, àwọn tí wọ́n ti ń tajà níbẹ̀ pàdánù ibi ìtajà wọn. Ní oríta mélòó kan, wọ́n fi irin yí koríko ká, wọn kò sì fi àga sí i. Èrò tí ń dúró de ọkọ̀ ń wo ewéko láti ìta irin, nínú oòrùn. Ìjọba ní ìdí tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀: ọkọ̀ kò rí ọ̀nà kọjá tẹ́lẹ̀, ìwà ọ̀daràn sì pọ̀. Síbẹ̀, bí a bá wo irú ọgbà bẹ́ẹ̀ láti ojú ẹni tí ó wà ní ìta, ó súnmọ́ ilẹ̀ òfìfo Lugard ju igi ọdán ojúde ọba lọ. Àwọn ọgbà bíi Muri Okunola ní Victoria Island, tí wọ́n ní ẹnu ọ̀nà, àga àti ibi ayẹyẹ, fi hàn pé ọ̀nà mìíràn wà.

Bouaké: àfonífojì tí àwọn aroko ṣètò

Ọ̀pọ̀ Yorùbá, pàápàá jù lọ láti Ẹ̀jìgbò, ní ẹbí ní Côte d'Ivoire, nítorí òwò tí ó ti gbé ìran wọn lọ síbẹ̀ láti ayé ìjọba amúnisìn. Bouaké, tí ó wà ní nǹkan bí kìlómítà 350 sí àríwá Abidjan, ni ìlú kejì tí ó tóbi jù ní orílẹ̀-èdè náà. Ilẹ̀ àwọn Baoulé ni, ní ibi tí igbó dúdú ti ń fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀dàn. Àwọn Faransé fi í ṣe ibùdó ológun ní òpin ọ̀rúndún 19, ọkọ̀ ojú irin dé ibẹ̀ ní 1912, ilé-iṣẹ́ aṣọ Gonfreville sì tẹ̀ lé e ní àwọn ọdún 1920. Ìlú náà fẹ̀ títí ó fi gbé àwọn abúlé mì. Orúkọ àdúgbò bíi N'Gattakro àti Broukro ṣì ń sọ ìtàn yẹn, nítorí pé abúlé ni "kro" ní èdè Baoulé.

Orí òkè pẹrẹsẹ ni wọ́n kọ́ ilé sí. Láàárín àwọn òkè náà ni àfonífojì kéékèèké wà, tí omi ń rọ́ sí nígbà òjò, tí ilẹ̀ wọn sì ń tutù títí di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn agbẹ̀fọ́ àti alóko ìrẹsì ni wọ́n sọ àfonífojì wọ̀nyí di ọgbà ìlú. Wọ́n ń gbin ìrẹsì nígbà òjò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń ṣe ebè fún ewé sàláàdì, àlùbọ́sà, kábéèjì àti ẹ̀fọ́, wọ́n sì ń gbẹ́ kànga tí kò jìn sí àárín wọn. Ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń ṣe ebè: kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju ibi tí ọwọ́ lè nà dé láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ, kí a má baà tẹ ilẹ̀ tí a ti tú. Ọ̀nà tóóró tí ó wà láàárín ebè fẹ̀ tó ẹni tí ó gbé garawa omi. Aṣètò kankan kò ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé, síbẹ̀ gbogbo ìwọ̀n inú rẹ̀ bá àwọn tí ń lò ó mu.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn tún yọjú níhìn-ín. Omi tí ó dúró nínú oko ìrẹsì lè di ibi tí ẹ̀fọn ń yé sí, ilé àwọn ènìyàn kò sì jìnnà. Bouaké ni Institut Pierre Richet wà, ilé ìwádìí tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ lórí ibà àti àwọn àrùn tí kòkòrò ń gbé kiri. Àwọn olùwádìí ti ṣe àyẹ̀wò oko ìrẹsì inú ìlú yìí láti mọ bí ó ṣe kan ibà. Ní M'bé, tí kò jìnnà sí ìlú, ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìrẹsì ilẹ̀ Áfíríkà fi ibùdó rẹ̀ sí ní òpin àwọn ọdún 1980, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ṣe ìrẹsì NERICA, láti inú ìrẹsì Áfíríkà àti ti Éṣíà. Ìbéèrè tí MacGregor àti Lugard dáhùn ní ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní Èkó ni ìlú yìí náà ń bá yí: bí omi, oúnjẹ àti ibùgbé yóò ṣe wà pọ̀ láìpa ara wọn lára. Àwọ̀n ìbùsùn, omi tí a ń jẹ́ kí ó ṣàn, àti ìtọ́jú tó yá wà lára ìdáhùn tí kò lé ẹnikẹ́ni kúrò lórí ilẹ̀.

Ogun abẹ́lé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní September 2002 sọ Bouaké di olú ìlú àwọn ọlọ̀tẹ̀, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìrẹsì sì kó kúrò. Ní July 2007, wọ́n dáná sun ohun ìjà ní pápá ìṣeré ìlú náà gẹ́gẹ́ bí àmì àlàáfíà. Láti ìgbà náà ni ilé tuntun ti ń pọ̀ sí i. Bí ilé ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wá sí àfonífojì, ilẹ̀ tí ń gba omi òjò tí ó sì ń bọ́ ọjà ìlú ń dín kù.

Ohun tí aṣètò ọgbà ń wò

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Aṣètò tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa wo ilẹ̀ àti àwọn tí ń kọjá lórí rẹ̀ kí ó tó gbin ohunkóhun. Ó ń wo ipa ẹsẹ̀ tí èrò ti là, nítorí pé bí ó bá la ọ̀nà sí ibòmíràn, wọn yóò tẹ koríko rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń wo ibi tí oòrùn ń pa ní aago méjì ọ̀sán. Igi gíga tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn ará ìlú ń pè ní masquerade wọ́pọ̀ ní ẹ̀bá ògiri, nítorí pé kì í gba àyè, ṣùgbọ́n ibòòji rẹ̀ kò tó ènìyàn méjì. Máńgòrò, dóńgóyárò tàbí ọdán ni ó yẹ fún ibi tí èrò yóò jókòó sí.

Ó tún ń bèèrè ẹni tí yóò lò ó. Àga tí kò ní ẹ̀yìn kò tu àgbàlagbà lára. Ìyá tí ó mú ọmọ wá ń fẹ́ ibi tí ó ti lè jókòó kí ojú rẹ̀ sì tó ibi ìṣeré. Ibi tí iná kò sí kì í ṣe ti obìnrin lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ẹni tí ń lo kẹ̀kẹ́ aláìlera kò lè gun àtẹ̀gùn. Bí a kò bá fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ń ta omi àti gúgúrú, yóò wá tà á ní ẹnu ọ̀nà, yóò sì dí i.

Owó ìwọlé ni ó kù. Agodi àti Ọgbà Òmìnira ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé, owó náà sì wà lára ohun tí a fi ń tọ́jú ilẹ̀ àti igi. Bí owó náà bá kéré, ọgbà a máa rí ìtọ́jú, ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì lè wọlé. Bí ó bá ga, ògiri àtijọ́ tún dìde, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tí ó fojú rí i. Ní ìlú tí yàrá kan ń gba ìdílé odidi, ìpinnu lórí iye yìí wà lára ìṣètò ọgbà gẹ́gẹ́ bí igi àti ọ̀nà ti wà lára rẹ̀.